Òjò Ifọ̀ Tí Mo Rí Láti Niamey

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní Ìbàfò àti ní Ifọ̀: "Sẹ̀míátù, ìlú òyìnbó wo lo lọ gan-an?" Tí mo bá ti dáhùn pé Niamey ni, ní orílẹ̀-èdè Niger, ojú wọn á rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n á wo báàgì mi, wọ́n á wo ara mi tí òòrùn ti mú dúdú sí i, wọ́n á ní, "Á à, òkè ọya lásán lo lọ." Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Ibi tí mo lọ jìn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ohun tí mo sì rí níbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tán.

Iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni mo ń ṣe l'Ékòó. Àwa la máa ń sọ fún àwọn awakọ̀ òfúrufú bí òjò bá ń bọ̀ tàbí bí ọyẹ́ bá fẹ́ bo ojú ọ̀run. Lásìkò tí mò ń wí yìí, sátẹ́láìtì tuntun kan wà lókè tó ń ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwòrán náà ń wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní kí ẹnì kan nínú wa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo orí ìkùukùu nínú àwòrán ọ̀hún, kó lè dá èyí tó máa bí ìjì líle mọ̀ kí ó tó balẹ̀. Èmi ni wọ́n yàn.

Àíṣà ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nígbà náà ni. Ràṣídì ọkọ mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Mówè, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú epo látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá mi ló ní kí n gbé ọmọ náà wá sí Ifọ̀.

"Èmi ni mo tọ́ ìwọ náà," ló wí. "Àbí ẹlòmíì ló tọ́ ọ?"

Láfún ni Ìyá ń ṣe. Ó máa ń sá a sórí kọnkéré iwájú ilé, á sì tẹ́ ẹní fún ọmọ sínú yàrá kó lè máa gbọ́ ọ tó bá jí. Orí ẹní yẹn ni mo tẹ́ Àíṣà sí lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń lọ. Ó ti sùn. Mo dúró tì í títí Ìyá fi ní, "Máa lọ kó tó jí."

Ọmọ ọlọ́mọ

Ní Ṣábẹ, níbi tí bọ́ọ̀sì wa ti dúró, ìyá àgbà kan ń ta wàrà díndín. A ti wọ ilẹ̀ Benin láti àárọ̀, etí mi sì ti ń mú ara le de èdè Faransé. Ni màmá yìí bá sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tó wí. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ míì sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnu ìyá ìyá mi nìkan ni mo ti gbọ́ wọn rí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ Yorùbá!"

Ó rẹ́rìn-ín títí wàrà fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ lo gbọ́ tèmi, ọmọ mi."

Mo ra wàrà, ó fi kan sí i. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń gbéra, mo yíjú wò ó títí mi ò fi rí i mọ́. Kò sí ohun tí èmi àti ẹ̀ jọ ṣe ju wàrà tí mo rà lọ, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mo tún ń fi ilé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Láti Parakou, obìnrin kan jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Èdè kankan kò pa wá pọ̀. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ìyá tó ń kà á, ẹ ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Omi ọmú tí mo rò pé ó ti gbẹ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rin iwájú ẹ̀wù mi gbingbin. Ojú tì mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà, mo yíjú sí fèrèsé.

 Obìnrin yẹn fa ìró kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bò mí lórí àyà, ó sì so etí rẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn bí ẹni ń múra fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló mú ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo di ẹsẹ̀ kékeré náà mú títí oorun fi gbé ọmọ náà lọ, mi ò sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, mo tú ìró rẹ̀ láti dá a padà fún un. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ dá ọwọ́ mi padà, ó sì lọ.

Ilé Hàjíà Ràmátù

Ibi tí Odò Ọya gba Niamey kọjá, ó fẹ̀, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo dúró létí rẹ̀, mo ń rò ó pé omi yìí ló ń bọ̀ wá sí Jẹ́bà àti Lọ́kọ́jà. Ó ń lọ sí ìhà ilé, èmi ló kù síbẹ̀.

Opó kan tí wọ́n ń pè ní Hàjíà Ràmátù ló fún mi ní yàrá nínú àgbàlá rẹ̀. Hausa tí mo kọ́ ní Sábó kò ju ti ọjà lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ná ata, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọkàn mi kò lélẹ̀. Ṣùgbọ́n Hàjíà ní sùúrù. Ìkíni wọn gùn ju tiwa lọ, ẹ sì mọ̀ pé tiwa kò kúrú. Láràárọ̀ ló máa béèrè bí mo ṣe sùn, bí àárẹ̀ ṣe rí, bí ooru ṣe ṣe mí, bí ìyá mi ṣe wà, á wá fi Àíṣà kẹ́yìn. Tó bá ti dárúkọ rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀ kí n lè rí àyè dáhùn. Kò sí ẹlòmíì ní gbogbo ìlú náà tó ń dárúkọ ọmọ mi.

Inú abọ́ ńlá kan ni gbogbo obìnrin ilé ti ń jẹun. Tùwó tí wọ́n fi ọkà jéró rò àti ọbẹ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní lúrù ló pọ̀ jù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rí i pé ẹran ń pọ̀ sí i níwájú mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ tó. Mo wòye dáadáa, àṣé wọ́n ń fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ mi, olúkúlùkù láti ibi tirẹ̀, láìgbójú sókè. Nígbà tí mo tì í padà, gbogbo wọn gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. Hàjíà ní, "Bàyárábíyà, jẹun." Obìnrin Yorùbá nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ládùúgbò nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Wọn ò fi bú mi. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti pè é, mo máa ń rántí pé Sẹ̀míátù wà níbòmíì.

Ilé tẹlifóònù kan wà ní ìkóríta. Ibẹ̀ ni mo ti ń pe ilé. Ìyá á sọ gbogbo ìròyìn Ifọ̀, á wá gbé fóònù sí etí Àíṣà. Ọmọ náà kò ní fọhùn. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Mo máa ń pè é títí, "Àíṣà, Màmá nìyí," èémí náà á máa lọ, á sì máa bọ̀, kó tó di pé Ìyá gba fóònù padà, tó ní, "Ó ń wo inú rẹ̀ bóyá o wà níbẹ̀ ni."

Orí tó yọ gọ̀ǹgọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Ìsúfù, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Mùsíọ̀ lédè Faransé, ló kọ́ wa. Ó ga, ó tín-ín-rín, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà kì í fi ṣòfò.

"Ẹ má wo bó ṣe tóbi," ló wí ní ọjọ́ kìíní. "Ẹ wo orí rẹ̀."

Ohun tó kọ́ wa nìyí, bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Àwa tí a wà nílẹ̀, abẹ́ òjò là ń rí. Sátẹ́láìtì wà lókè pátápátá, orí òjò ló ń rí. Bí ìkùukùu bá ṣe ga tó ni orí rẹ̀ ṣe ń tutù tó, ẹ̀rọ náà sì ń mọ òtútù yẹn láti ọ̀nà jíjìn. Òjò tó ní ààrá máa ń ga títí dé ibi tí kò ti lè ga mọ́, orí rẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ, á fẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n tí agbára tó wà nínú rẹ̀ bá pọ̀ jù, á gún orí pẹrẹsẹ yẹn láti ìsàlẹ̀, nǹkan kan á sì yọ gọ̀ǹgọ̀ lókè bí eéwo. Abẹ́ eéwo yẹn ni ìjì tó ń ṣí òrùlé wà.

Àwòrán mìíràn wà tí wọ́n ń fi àwọ̀ pò. Nínú rẹ̀, orí ìkùukùu àtijọ́ máa ń pọ́n, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba agbára á máa tàn ní àwọ̀ ìyeyè. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn tó ń gbé omi gòkè nínú rẹ̀ yára débi pé omi yẹn ti di yìnyín kó tó ráyè tóbi, yìnyín náà sì kúnná.

Mo ní, "Bíi láfún tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Kò mọ láfún. Mo ṣàlàyé ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń jọ̀ ọ́. Mo rí ara mi tí mò ń fi ọwọ́ jọ nǹkan níwájú kíláàsì, omi sì ti ń dà lójú mi. Gbogbo wọn rò pé ìdáhùn náà ló dùn mọ́ mi.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, èmi náà wà lábẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí mò ń wò. Nǹkan pupa bí ògiri dìde láti ìlà-oòrùn, iyanrìn ni, láti ilẹ̀ dé ọ̀run, ó ń bọ̀. Èmi ti ń sáré kiri. Àwọn obìnrin ilé kó ẹní wọn, wọ́n bo ìkòkò, wọ́n pe ewúrẹ́ wọlé, ẹnikẹ́ni kò pariwo. Hàjíà na ọwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ayé pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú bí òru, òjò wá rọ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, ó béèrè nípa Àíṣà.

Láàárín Mówè àti Ifọ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìhà tiwa ni kíláàsì ń wò. Mo rí àmì ìyeyè kékeré kan lápá ìlà-oòrùn Ṣàgámù. Nígbà tí àwòrán tó tẹ̀ lé e wọlé, ó ti fẹ̀, ó sì ti sún sí ìwọ̀-oòrùn. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ ti yọ gọ̀ǹgọ̀. Wọn ò kọ orúkọ ìlú kankan sí àwòrán náà, ìlà etí òkun àti ẹnu bodè nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ojú ọ̀nà márosẹ̀ gbà. Mówè ló ń lọ. Tó bá kúrò ní Mówè, Ifọ̀ ló kàn.

Mo pe ọ́fíìsì wa l'Ékòó lórí fóònù kíláàsì. Kò wọlé. Mo tún pè. Mùsíọ̀ Ìsúfù wo ojú mi, ó wo àwòrán, ó sì yọ fóònù alágbèéká rẹ̀ lápò.

"Àwọn ènìyàn rẹ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Pè wọ́n."

Ràṣídì ni mo kọ́kọ́ pè. "Bàbá Àíṣà, níbo lẹ wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù. Mi ò gbọ́ ẹ dáadáa, atẹ́gùn kan ti..."

"Ẹ kúrò lábẹ́ páànù yẹn! Ẹ wọ ilé bíríkì!"

Mo gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sórí páànù. Ó ń pariwo, "Yìnyín ni! Yìnyín ni o!" Ẹ̀rọ náà sì já.

Mo tẹ nọ́ńbà Ìyá.

"Ìyá, ẹ káàsán, Ìyá. Ẹ gbé Àíṣà, kẹ́ ẹ lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alùfáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wà o. Ìjì ń bọ̀."

"Ìjì kẹ̀? Òòrùn ń ràn níbí. Láfún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ ni. Níbo nìwọ wà tó o ti ń rí òjò Ifọ̀?"

"Mo ń wò ó báyìí, Ìyá. Ó ti dé Mówè."

"Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn."

"Ẹ gbé e tòun ti oorun. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi láfún sílẹ̀."

 Mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọmọlanke tó ń kọjá lójú pópó wa.

"Sẹ̀míátù, ṣé ẹkún lò ń sun?"

"Ẹkún ni mò ń sun, Ìyá."

"Ó dáa. Mo ti ń wọlé lọ gbé e."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Àíṣà, ohùn ọmọ tí wọ́n jí, tí inú ń bí, tó ń kùn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Niamey, mi ò tíì gbọ́ ohùn yẹn. Ìlà sì já.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́ ju kí n máa wò. Orí ìkùukùu náà fẹ̀ bo Ifọ̀, ó bo Àgbàdo, ó bo gbogbo ibi tí mo mọ̀ láyé yìí. Lókè, ó dára lójú. Ó funfun, ó sì ń tàn, ariwo kankan kò sí nínú rẹ̀. Sátẹ́láìtì kì í rí abẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àkókò ìrun Alásárì tó, Mùsíọ̀ Ìsúfù kò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó tẹ́ ẹní sáàárín àwọn tábìlì, ó kírun níbẹ̀, èmi náà kí tèmi lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, kò sì sọ pé ara wọn á le. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn ju ohunkóhun tó kọ́ mi lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù tó wọlé.

"O ò lè tètè pè?" Ọ̀rọ̀ tí Ìyá kọ́kọ́ sọ nìyẹn. "Gbogbo láfún mi ló ṣòfò. Gbogbo rẹ̀!"

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ìjì ṣí páànù yàrá, igi àjà sì já lulẹ̀. Mo bi í pé ibo ló já sí.

"Má béèrè," ló wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Orí ẹní."

Ràṣídì wà láàyè. Yìnyín ti lu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n òun ti sá wọ ilé kejì. Ìyá tún sọ pé ògiri kan wó lu ọkùnrin kan tó sá sábẹ́ rẹ̀ lójú pópó ní Ifọ̀, ó sì kú. Kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní ó ń kọjá lọ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń bọ̀ wá bá a, kò sì sí ọ̀nà kankan tí mo lè gbà pè é. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi iṣẹ́ náà ṣeré mọ́. Mò ń kọ́ ọ nítorí ẹni tí mi ò ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Àǹtí

Nígbà tí òjò ibẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo padà. Hàjíà Ràmátù sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ó kí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Nígbà tó dé orí Àíṣà, kò dúró kí n dáhùn. Ó wọlé lọ.

Ní Ifọ̀, páànù tuntun ń dán lórí ilé wa. Àíṣà ti ga. Ó wà lẹ́yìn Ìyá, ó di ìró rẹ̀ mú, ó ń yọjú wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́.

Ìyá ní, "Kí i."

Ọmọ náà ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí."

"Ìyá ẹ nìyẹn," ni Ìyá wí. Àíṣà wo ojú Ìyá, ó wo tèmi, ó sì sá wọ inú ilé.

Ràṣídì ní ká gbé e lọ sí ilé wa ní Ìbàfò, pé ó máa mọ́ ọn lára. Mo ní rárá, mi ò ní fipá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Èmi ni mo kó wá sí Ifọ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gba Àgbàdo lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì ń padà, Ràṣídì ń wá bá wa lópin ọ̀sẹ̀. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀ fún ọmọ náà, á pe Ìyá. Tí mo bá fún un lóúnjẹ, á kọ́kọ́ wo ojú Ìyá kó tó gbà á. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí àlejò. Ẹ ò lè mọ bí ọpẹ́ ọmọ ẹni ṣe ń dunni tó. Mo ti rò pé ní Niamey ni mo ti ṣàárò rẹ̀ tán. Inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orí ẹní yẹn fún un. Ọmọdé ni. Mò ń jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣeré, mò ń dáhùn tó bá béèrè nǹkan, mò ń lọ, mò ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ti múra tán, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo kí Ìyá, mo jáde. Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ títì nígbà tí mo gbọ́ igbe. Mo yíjú padà. Àíṣà ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ Ìyá, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó fi orí gún mi nítan.

Ìyá ń pè láti ẹnu ọ̀nà pé, "Jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́, Àíṣà. Ó máa padà."

"Kò ní padà," ni ọmọ náà wí. "Kò ní tètè padà."

Bọ́ọ̀sì tó yẹ kí n wọ̀ dúró níwájú wa, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo Àgbàdo, ó ní, "Màdáámù, ṣé ẹ̀ ń lọ?" Mo mi orí pé rárá, wọ́n sì gbéra. Mo gbé ọmọ mi. Ó wúwo ju bí mo ṣe rántí lọ, ó ń sunkún sí mi lọ́rùn, mi ò sì pa á lẹ́nu mọ́. Mo jẹ́ kó sun ún tẹ́ ẹ lọ́rùn.